Ọdún Wo Ló Wà Lára Ṣásí? Wíwá Alùpùpù Tòkunbọ̀ láti Ṣàgámù dé Ìlíṣàn

"Gold Wing 2011 nìyí, ẹ̀gbọ́n. Tòkunbọ̀ gidi. Kò tíì fẹsẹ̀ kan títì Nàìjíríà rí."

Nínú ọgbà kan ní Màkún, Ṣàgámù, ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu ọmọkùnrin tó ń ta alùpùpù ńlá kan. Oníbàárà tó wá láti Ṣómólú ti ń fọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀, ẹ̀rín sì ti gba ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó mú dání kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn alùpùpù náà, ó fi àkísà nu eruku ibẹ̀, ó tan iná fóònù sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ṣásí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka mẹ́sàn-án kọjá. Ó dúró lórí ìkẹwàá.

"Méje ló wà níbí, ọ̀gá. 2007 ni."

Ọmọkùnrin náà sáré mú ìwé jáde, ó ní kí wọ́n wo 2011 tí ìjọba kọ síbẹ̀. Lóòótọ́, 2011 ló wà níbẹ̀, àmọ́ ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ alùpùpù náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni. Ìwé tó fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ló tú u fó: ẹrù tí kò tíì fẹsẹ̀ kan títì ti ń sáré nílẹ̀ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Èyí tó tún le jù ni pé Honda kò ṣe Gold Wing 2011 kankan fún ọjà Amẹ́ríkà, níbi tí eléyìí ti wá. Marysville ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1980. Ní 2009 wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró níbẹ̀, wọ́n kó o lọ sí Kumamoto ní Japan. Mọ́dẹ́ẹ̀lì 2010 ló kẹ́yìn ti Ohio, 2012 ló ṣáájú ti Kumamoto, àárín méjèèjì sì ṣófo.

Ìdí tí ọ̀gá mẹkáníìkì fi kọ́kọ́ lọ sí ọrùn ṣásí kí ó tó wo ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Láti 1981 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí nọ́ńbà ṣásí jẹ́ mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà àti òǹkà pọ̀. Èyí tó ṣáájú ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é: 1 fún Amẹ́ríkà, J fún Japan, W fún Jámánì. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì. Y ni 2000, 1 ni 2001, ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 9 tó jẹ́ 2009, lẹ́yìn náà wọ́n padà sí A fún 2010 àti B fún 2011. Wọn kì í lo lẹ́tà I, O àti Q níbikíbi nínú nọ́ńbà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n ní òǹkà. Ẹni tó bá rí O lára ṣásí, kí ó kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ó máa lọ sílé. Ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì sì lè ṣáájú kàlẹ́ńdà: 2007 lè ti jáde nílé-iṣẹ́ ní ìparí 2006.

Ìlíṣàn ni ilé baba oníbàárà yìí. Iṣẹ́ ló gbé e dé Èkó, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gun alùpùpù kékeré. Ohun tó ń wá báyìí ni èyí tó lè gbé e dé Àkúrẹ́, dé Benin, kí ó sì gba Cotonou àti Lomé dé Accra nígbà tí ìsinmi bá gùn: alùpùpù tó ní táǹkì ńlá, àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́, gíláàsì tó ń gba atẹ́gùn lójú, àti ìjókòó tí kì í fi ẹ̀yìn ẹni ṣòfò. Páwà báìkì ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, yálà ti eré ni tàbí ti ìrìnàjò.

Ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun fún wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni Ọlábísí Àjàlá gun Vespa la ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọjá, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1963. Ní 2022 Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó ní ọjọ́ mọ́kànlélógójì, ó ń fi kó owó jọ fún ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Vespa Àjàlá kéré gan-an sí ohun tó wà nínú ọgbà ní Màkún, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ra páwà báìkì rántí bẹ́ẹ̀ kí ó tó yọ owó lápò.

Kò sí ibi tó yẹ kí irú ọjà báyìí bọ́ sí ju Ṣàgámù lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Benin ti pàdé. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ti bàjẹ́ débi pé nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé àtúnṣe rẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní 2013, Ṣàgámù ni wọ́n ti gé e sí méjì: kìlómítà 43.6 láti Èkó dé ibẹ̀, 84 tó kù dé Ìbàdàn. Ìlú tó kó ìlú mẹ́tàlá jọ, Ọ̀fìn, Màkún, Ìjòkùn àti àwọn yòókù, ti mọ bí a ṣe ń gba àlejò tó fẹ́ rà àti àlejò tó fẹ́ tà. Ọjà obì rẹ̀ ní Sábó ti ń kó àwọn oníṣòwò Hausa wá láti òkè Ọya kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé alùpùpù oní-sílíńdà mẹ́fà yóò wà ní Màkún.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kò kórìíra 2007 náà o. Ó ní bí ó bá jẹ́ òun, òun á yàn án ju 2002 lọ. Gold Wing oní 1,832 cc bẹ̀rẹ̀ ní 2001 pẹ̀lú ṣásí alumíníọ̀mù tuntun, Honda sì pe púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde padà nítorí ojú wẹ́ẹ̀dì ṣásí tó lè sán. Ní 2006 ni wọ́n fi àpò afẹ́fẹ́ kún un fún ẹni tó bá fẹ́ san owó rẹ̀. Òun ni alùpùpù àkọ́kọ́ tí wọ́n tà pẹ̀lú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún fi ìjókòó tó ń gbóná sí i, ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Àmọ́ Takata ló ṣe àpò afẹ́fẹ́ náà, wọ́n sì pe àwọn tó ní in láti 2006 sí 2010 padà nítorí èyí tó ń gbé e jáde lè fọ́, kí irin rẹ̀ sì fò lu ẹni tó wà lórí ìjókòó.

Ìpè kan tún wà tó tóbi ju èyí lọ. Ní òpin 2011 Honda pe gbogbo mọ́dẹ́ẹ̀lì 2001 títí dé 2010 àti 2012 padà nítorí búréèkì ẹ̀yìn tí kì í fi táyà sílẹ̀ tán lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́. Búréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn so pọ̀ lára alùpùpù yìí, apá kan nínú ohun tó so wọ́n pọ̀ ló lè máa di epo búréèkì mú. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ ní Ṣàgámù, níbi tí kò sí ẹni tí yóò fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́? Ọ̀gá mẹkáníìkì gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní kí ọmọkùnrin náà tẹ búréèkì kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, òun sì fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Táyà náà yí díẹ̀, ó dúró. Ó tún un ṣe. Ó tún dúró.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tán fún un. Oníbàárà ṣì ń wá ọ̀nà àbáyọ: ṣé kí a wá èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni? GL1500 tó jáde ní 1988 náà ní sílíńdà mẹ́fà, ó sì ní gíá tó ń mú un padà sẹ́yìn. Ó lágbára, àmọ́ bẹ́líìtì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bí bẹ́líìtì àtijọ́ bá já, fáàfù tẹ̀. Ti 1800 lo ṣéènì dípò rẹ̀. Ti 1984 sí 1987, oní 1200, ni kí ènìyàn má tilẹ̀ dárúkọ: ohun tó ń ṣe iná fún bátìrì rẹ̀ máa ń jó, ó sì di dandan kí wọ́n sọ odindi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ti 2018 wá fúyẹ́, èyí tó ní àpótí ẹ̀yìn sún mọ́ 380 kìlógíráàmù nígbà tí ti àtẹ̀yìnwá ju 400 lọ, èèyàn sì lè rà á pẹ̀lú gíá méje tó ń wọlé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n táǹkì rẹ̀ bọ́ láti lítà 25 sí 21, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé rẹwáyà ìlú yìí yóò kàn máa wò ó ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ọdún tuntun fi kún Gold Wing, ìgbádùn ni. Ẹni tó bá ti rí kòtò òjò ní ẹnu ọ̀nà abúlé mọ̀ pé 400 kìlógíráàmù tó bá ti ṣubú, ó di ọwọ́ ọkùnrin mẹ́rin.

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní iye tí wọ́n bá ní lọ́wọ́.

Ọ̀kadà ni wọ́n gùn láti Ṣàgámù, wọ́n gba Ìperu lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Bajaj Boxer ni, ẹni tó gbé wọn sì bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń ṣèwádìí ọdún alùpùpù. "Tiwa, tuntun la máa ń rà á, bọ̀dá. Bó bá ti pé ọdún méjì, a ti tà á." Kàbúrétọ̀ kan, sílíńdà kan, wáyà díẹ̀, mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà lè tú u palẹ̀ kí ó sì tò ó padà kí oúnjẹ tó jinná. Kò sí ẹni tó ń béèrè ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ọlọ́kadà.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n kọjá níwájú ilé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí àwọn àlejò ṣì ń yà wo ibojì rẹ̀, wọ́n sì rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mayflower, ilé-ẹ̀kọ́ tí Tai Ṣólàárín dá sílẹ̀ ní January 1956. Ilé bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. BMW R1200GS ló fẹ́ tà, mọ́dẹ́ẹ̀lì 2005, ó wá láti Amẹ́ríkà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun, ìkọ́kọrẹ́ ti wà lórí iná. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn.

Orí oúnjẹ ni bàbá náà ti sọ bí òun ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ra Harley-Davidson Electra Glide nígbà kan. Ọ̀gá mẹkáníìkì béèrè ọdún rẹ̀. 2003 ni. Ó mi orí. Láti 1999 títí dé 2006, ohun tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì àwọn Electra Glide le ní bàtà pílásítíìkì líle tí sípíríǹgì ń tì, bàtà náà sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ tán, ìdọ̀tí rẹ̀ bọ́ sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì kò sì dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Láti 2007 ni epo ẹ́ńjìnnì ti ń ti bàtà náà dípò sípíríǹgì, ó sì ń pẹ́ dáadáa. Ọdún kan péré ló wà láàárín 2006 àti 2007, àmọ́ owó àtúnṣe tó wà láàárín wọn kò kéré.

BMW bàbá náà mọ́ tónítóní. Máìlì tó wà lójú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 38,000, bàbá sì ń pè é ní kìlómítà pẹ̀lú ọkàn kan. Ọ̀gá mẹkáníìkì fi ọ̀wọ̀ tọ́ka sí àmì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Máìlì ni, sà. Ó ti ju 61,000 kìlómítà lọ." Bàbá ní òun kò wò ó dé ibẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí wọ́n pa gbogbo ariwo. Ó tan kọ́kọ́rọ́ láì dá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó sì fọwọ́ fún búréèkì. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ táǹkì bí oyin inú ilé rẹ̀. Mọ́tò iná ni, èyí tí BMW fi ń ran ọwọ́ ẹni lọ́wọ́ nígbà tó bá ń tẹ búréèkì lára R1200GS láti 2004, ọdún tí alùpùpù náà jáde, títí dé òpin 2006. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ìka méjì tó láti dá a dúró. Bí iná bá kú tàbí tí mọ́tò náà bàjẹ́, búréèkì yóò le bí ẹni ń fún òkúta, owó ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ sì lè gba apá kan tó nípọn nínú owó alùpùpù fúnra rẹ̀. Láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2007 ni wọ́n ti yọ mọ́tò yẹn kúrò tí wọ́n sì fi ABS tó rọrùn rọ́pò rẹ̀.

Kí ènìyàn wo ìyẹn dáadáa. Bí a bá gbé 2005 àti 2007 kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó ń kọjá lọ lè má mọ ìyàtọ̀: ẹ́ńjìnnì 1,170 cc kan náà, ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn dípò ṣéènì kan náà, lítà 20 kan náà. Láàárín 2007 àti 2009 ẹ̀wẹ̀, agbára ẹṣin lọ sókè díẹ̀, láti nǹkan bí 100 sí 105, èyí tí kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tìtorí rẹ̀ san owó. Orí ẹ́ńjìnnì yí padà ní 2010. Ní 2013 omi bẹ̀rẹ̀ sí í tu ẹ́ńjìnnì náà nínú. Olójú kòkòrò ọjà yóò ní kí o ra 2013. Ọ̀gá mẹkáníìkì kò gbà, òǹkọ̀wé yìí náà kò sì gbà. Fún ẹni tí yóò máa tún un ṣe láàárín Ṣàgámù àti Ìlíṣàn, láti 2007 dé 2009 ló dára jù: búréèkì rẹ̀ ti rọrùn, atẹ́gùn àti ọ́ìlì ló ṣì ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, fáàfù rẹ̀ sì wà níta lápá ọ̀tún àti lápá òsì níbi tí ọwọ́ ti lè dé e láìtú ohun tó pọ̀.

Wọ́n sọ fún bàbá pé àwọn á padà wá. Ó mọ̀ pé wọn kò ní padà, ó sì di ìkọ́kọrẹ́ fún wọn.

Èyí tí wọ́n lọ wò tẹ̀lé e ní Ìlíṣàn, R1200GS ni òun náà, àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Obìnrin kan ló ni ín, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gùn ún. Ó ní 2009 ni. Níhìn-ín ọgbọ́n ìkẹwàá kò tó láti gbọ́kàn lé, nítorí òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò fi dandan lé e pé kí ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì wà nínú nọ́ńbà ṣásí. Ọ̀gá mẹkáníìkì wo abẹ́ àwọn pílásítíìkì. Ọ̀pọ̀ pílásítíìkì tí wọ́n dà nílé-iṣẹ́ ní àmì róbótó kan tí ọfà inú rẹ̀ ń tọ́ka sí oṣù, pẹ̀lú òǹkà ọdún láàárín: 08 ló wà lára méjì, 09 lára ìkẹta. Ó bá ọ̀rọ̀ obìnrin náà mu. Táyà ni kò bá a mu, àmọ́ táyà kò gbọdọ̀ bá a mu: òǹkà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára rẹ̀ jẹ́ 2219, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2019. Ó ti gbó, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Oníbàárà rántí nǹkan kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé Peckham ti sọ fún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alùpùpù tó bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún, máìlì tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà sì máa ń wọ ìwé ìjọba. Ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà ọkọ̀ náà lè rí gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà mú ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde, wọ́n tẹ nọ́ńbà náà sínú fóònù. Máìlì ń gòkè lọ́dọọdún, kò fò, kò padà sẹ́yìn. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà, èyí nìkan ni kò nílò kí ẹnikẹ́ni gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Àbùkù kan wà lára irú alùpùpù tó wá láti ibẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í rántí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ iwájú rẹ̀ sì yà sí òsì. Àwa ti kúrò ní òsì láti ọjọ́ kejì oṣù April 1972. Lórí ọ̀nà Benin lóru, ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ni ìmọ́lẹ̀ náà ń wọ̀. Kí wọ́n wá iná tó tọ́, kí wọ́n sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n bá dá.

Obìnrin náà kò tíì fẹ́ yọ nǹkan kan. Láti June 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 ní ọjà ìjọba ti kọjá 1,400 kí January 2024 tó parí. Kò sí ẹni tó lè kó irú alùpùpù báyìí wọlé ní iye tí òun fi rà á mọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ lọ béèrè iye rẹ̀ ní Cotonou," ni ó wí.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn táyà. Ó yọ irin òòfà kékeré kan lápò, ó fi kan àwo tí táyà ẹ̀yìn so mọ́. Kò mú un. "Alumíníọ̀mù ni, mà. Ti àtètèkọ́ṣe ni." Ní 2015 BMW pe irú àwọn wọ̀nyí padà nítorí àwo náà lè sán bí ẹnikẹ́ni bá ti di bóòtù táyà jù, wọ́n sì fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Alùpùpù yìí ti kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ìpè náà tó jáde.

Obìnrin náà wọlé, ó gbé páálí kan jáde. Àwo irin tuntun ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Jámánì lára ọ̀rá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló bá a gbé e wá, kò sì tíì rí ẹni tí yóò bá a fi í sí i. Ọ̀gá mẹkáníìkì béèrè sípánà tó ń ka bí ìdè ṣe le tó, nítorí 60 Nm ni ìwé ilé-iṣẹ́ kọ fún bóòtù táyà márùn-ún náà, dídì wọn jù ló sì ń fa gbogbo wàhálà ọ̀hún. Kò sí irú rẹ̀ ní àdúgbò. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣómólú.

Wọ́n san àsansílẹ̀. Obìnrin náà kọ rìsíìtì, ó kọ nọ́ńbà ṣásí sí i ní kíkún, ó sì ní kí wọ́n wá ní Saturday tó ń bọ̀ pẹ̀lú sípánà náà, pẹ̀lú iná iwájú, àti pẹ̀lú ìyókù owó òun. Oníbàárà béèrè bóyá owó iná náà yóò kúrò nínú rẹ̀. Obìnrin náà ní ìdajì.